Oúnjẹ Tí A Ń Tà Nítorí Aláìní



Nígbà tí Mísà bá parí ní ọjọ́ Ìkórè, tí ẹ sì jáde sí gbangba, òórùn tí ó kọ́kọ́ pàdé yín kì í ṣe ti tùràrí mọ́. Òórùn àkàrà gbígbóná ni, òórùn mọ́ínmọ́ín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ewé rẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí irú dá lọ́lá. Àwọn ìyá wa ti jí ní òru. Wọ́n ti bó ẹ̀wà, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti dáná kí ilẹ̀ tó mọ́. Nísinsìnyí wọ́n dúró lẹ́yìn tábìlì, wọ́n ń ké sí yín pé kí ẹ wá ra tiyín. Bí ẹ bá bèèrè ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe, wọn yóò sọ fún yín pé ti àwọn opó ni, ti àwọn ọmọ òrukàn ni, ti aláìsàn tí kò rí owó oògùn san ni.

Ohun tí ó dára ni èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára pàápàá ní ìbéèrè nínú, kò sì yẹ kí onígbàgbọ́ sá fún ìbéèrè. Àwọn kan ń wí pé: “Bí ó bá jẹ́ pé àánú ni, kí ló dé tí ẹ ń tà á? Ẹ kúkú gbé oúnjẹ náà fún aláìní kí ó jẹ ẹ́.” Àwọn mìíràn ń wí pé: “Kí ni ti iná àti èéfín? Kí olúkúlùkù mú owó tirẹ̀ wá, kí a sì máa lọ sílé.” Ìbéèrè kẹta ni àwọn tí ń béèrè rẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó wúwo jù: “Irú oúnjẹ wo ni ó wà nínú ìkòkò tí a ń tà ní orúkọ aláìní?” Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjà kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa ará Ẹnuwá. Iwájú ààfin Ọọ̀ni ni a wà, níbi tí àwọn ará Ìrẹmọ, Òkèrèwè, Mọ̀òrè, Ìlódè àti Iláre ti ń pàdé. A mọ ẹni tí ń tà, a mọ ẹni tí ń rà, a sì mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe máa ń rí nígbà tí owó bá wọlé ọ̀rọ̀. Nítorí náà kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti lè sọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ tó ọ̀dọ̀ wa.

Kí a kọ́kọ́ mú ìbéèrè èkíní: kí ló dé tí a kò fi oúnjẹ náà ta aláìní lọ́rẹ? Ìtàn Vincent de Paul Mímọ́ yóò ràn wá lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1617, ó jẹ́ àlùfáà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Châtillon ní ilẹ̀ Faransé. Bí ó ti ń múra láti rú ẹbọ Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n wá sọ fún un pé ìdílé kan wà lẹ́yìn ìlú tí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún ẹnì kejì. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìjọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú ọ̀nà kún fún àwọn ènìyàn tí ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé àwọn aláìsàn náà. Ẹnikẹ́ni ì bá yọ̀ láti rí i. Vincent náà yọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ronú. Oúnjẹ tí ó dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí pọ̀ ju ohun tí ìdílé náà lè jẹ. Èyí tí ó ṣẹ́ kù yóò bàjẹ́, ebi yóò sì tún padà wá bá wọn bí ti tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ìfẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ètò kò sí. Nítorí náà ó pe àwọn obìnrin ìlú náà jọ, ó fún wọn ní ìlànà pé kí wọ́n máa gba ọjọ́ fún ara wọn, kí oníkálukú máa se oúnjẹ aláìsàn ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ó sì gbé e fún un pẹ̀lú ọ̀yàyà. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ àánú àkọ́kọ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi pe ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1833, èyí tí ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ wa.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ hàn gbangba. Oúnjẹ sísè kì í dúró de ọ̀la. Mọ́ínmọ́ín òní, bí ó bá di ọ̀túnla, ó ti kan. Ṣùgbọ́n opó tí ebi ń pa lónìí, ebi yóò tún pa á ní oṣù tí ń bọ̀, àìsàn kì í sì í dúró de ọjọ́ Ìkórè kí ó tó dé. Nígbà tí a bá ta oúnjẹ, a sọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ kan di díẹ̀díẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, opó kan wà tí olówó èlé fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Ọlọ́run bùkún òróró tí ó kù nínú ìkòkò rẹ̀ títí ó fi kún gbogbo ohun èlò tí ó yá. Lẹ́yìn èyí, wòlíì Ẹlíṣà kò sọ fún un pé kí ó máa jókòó lá òróró náà. Ó ní kí ó lọ tà á, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ nínú èyí tí ó kù. Nítorí náà, títà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé, kí ló dé tí olúkúlùkù kò kàn mú owó wá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní owó, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó ní ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan láti Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1955, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, pinnu pé àwọn kò ní wọ bọ́ọ̀sì ìlú mọ́, nítorí pé ẹ̀yìn ni a ń fi wọ́n sí, a sì ń mú wọn dìde kí aláwọ̀ funfun lè jókòó. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní láti wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé òṣìṣẹ́ lọ, tí yóò sì máa gbé e bọ̀. Ọkọ̀ kì í sì í rìn láìsí epo. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Georgia Gilmore ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni ó ń ṣe. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn kó ara wọn jọ, wọ́n ń se adìẹ àti ẹja, wọ́n ń ṣe kéèkì, wọ́n ń tà á ní ibi ìpàdé àti ní ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe irun, wọ́n sì ń kó èrè rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣètò ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé aláwọ̀ funfun. Bí a bá mọ̀ pé wọ́n lọ́wọ́ sí i, iṣẹ́ wọn lè bọ́. Nítorí náà, bí a bá bèèrè ibi tí owó náà ti wá, ìdáhùn ni pé kò ti ibì kankan wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn: Ẹgbẹ́ Tí Kò Ti Ibì Kankan Wá. Georgia Gilmore fúnra rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó jẹ́rìí ní kóòtù ní ọdún 1956, ó sì ń se oúnjẹ tà ní ilé ara rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ wò ó, ará. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ní owó tí wọ́n lè kó kalẹ̀. Iná àti ìkòkò ni wọ́n ní. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀ kí wọ́n mú owó wá, ó ti ti ilẹ̀kùn àánú mọ́ aláìní lójú. Ìyá tí ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ ní ẹ̀yìn ilé ìjọ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìkórè, tí kò sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ, ọrẹ tirẹ̀ ti wọ inú ọbẹ̀. Ọlọ́run mọ bí ó ti wúwo tó.

Nísinsìnyí a dé orí ìbéèrè kẹta. Nínú orí kẹrin kan náà tí a ti ka ìtàn opó olóròóró, ìtàn mìíràn tún wà. Ìyàn mú ní ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ wòlíì kó ara wọn jọ, wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná. Ọ̀kan nínú wọn lọ sí pápá, ó ká èso àjàrà ìgbẹ́ kan tí kò mọ̀, ó rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Ọkàn rẹ̀ dára. Ó fẹ́ kí oúnjẹ pọ̀ fún àwọn tí ebi ń pa ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fi kan ẹnu, wọ́n ké pé ikú ni àwọn ń jẹ. Ẹlíṣà kò sọ pé, “Ẹ máa jẹ ẹ́, nítorí ìfẹ́ ni ó fi sè é.” Ó tún ìkòkò náà ṣe kí ẹnikẹ́ni tó tún bù nínú rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Ọkàn rere ẹni tí ó sè é kò lè sọ oúnjẹ burúkú di rere, owó àánú kò sì lè wẹ ìkòkò mọ́. Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ oúnjẹ sí ọ ti di ọ̀nà ọ̀fun rẹ mú, ó sì yẹ kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nígbà mìíràn. Òróró tí a ti fi dín ẹja lánàá, tí ó ti dúdú, a ní kí a fi dín àkàrà lónìí, nítorí pé owó Ọlọ́run ni a fẹ́ pa. Mọ́ínmọ́ín tí kò tà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ní kí a tún un gbé kaná ní ọjọ́ Ìsinmi. Kóńgò tí a ti tẹ̀ nídìí, tí a kò ní gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà lásán, a gbà á lọ́wọ́ ara wa. Bí ẹni tí ó rà á bá sì kùn, a ó dá a lóhùn pé: “Ṣé nítorí aláìní ni ẹ ṣe ń ráhùn báyìí?” Ọ̀rọ̀ yìí a pa á lẹ́nu mọ́. A ti fi aláìní ṣe apata, a sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti rẹ́ ẹlòmíràn jẹ.

Ìjọ kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní òkùnkùn. Tómáàsì Akwínò Mímọ́, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, bèèrè nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae, bóyá ènìyàn lè fi ohun tí ó gbà ní ọ̀nà èrú ṣe ìtọrẹ àánú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tí a fi èrú gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, olówó rẹ̀ ni kí a dá a padà fún. Kì í ṣe tiwa láti fi ṣàánú. Ó tún kọ́ wa pé bí ohun tí a ń tà bá ní àbùkù tí ó fara sin, tí ó lè ṣe ẹni tí ń rà á ní ìpalára, ẹni tí ń tà á ni ó ní ojúṣe láti sọ ọ́. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé kí a mú tábìlì ìjọ kúrò nínú òfin yìí.

Ẹ̀yin kan lè wí pé, “Àwa kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ ni a ń tà fún wọn.” Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn tí ó le jù. Bí ìgbìmọ̀ kan bá jókòó láti pèsè fún ọjọ́ Ìkórè, tí ìyá kan sì dìde pé: “Bí a bá se ẹ̀wà, tí a fi ẹja àti ẹyin sí mọ́ínmọ́ín, tí a fi ewé pọ́n ọn bí ó ti yẹ, èrè wa yóò kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní páálí-páálí, tí a sì dín ìyẹ̀fun oníṣúgà, èrè yóò pọ̀. Ẹ sì rántí pé aláìsàn kan wà ní ilé ìwòsàn tí ń retí wa.” Kí ni kí a dá a lóhùn? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn burúkú. Aláìsàn náà wà lóòótọ́.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí oúnjẹ ń ṣe nínú ara. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn àwọn ọmọdé tí ara wọn ń wú, tí awọ ara wọn ń bó. Lẹ́yìn náà ó fi orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pè é sọ ọ́ fún gbogbo ayé: kwashiorkor. Ó rí i pé ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀, tí a sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́, ni ó sábà máa ń mú. Ikùn ọmọ náà lè yó, ṣùgbọ́n ohun tí ń mú ara dàgbà kò sí nínú oúnjẹ rẹ̀. Ní ìtòsí wa níhìn-ín, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé nígbà tí ọdún 1950 sí 1960 ń parí lọ. Ó ń wọn ọmọ lóṣooṣù, ó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì tí ìyá rẹ̀ ń mú lọ sílé, kí a lè rí i bí ọmọ bá ti ń fà sẹ́yìn kí àìsàn tó gbé e dè. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti tẹ̀lé ọ̀nà náà. Ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ fún àkàrà àti mọ́ínmọ́ín wà lára ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi àkàrà sin ẹ̀kọ kò ka ìwé dókítà, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí dókítà ì bá yìn.

Ní àkókò tiwa yìí, ìpọ́njú mìíràn ti kún ti àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà nílé tí ó pọ̀ nínú ìjọ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì kan lọ, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú búrẹ́dì àti nínú magí. Ẹ ro ó wò, ẹ̀yin ìyá tí ń se oúnjẹ: ẹni tí ẹ ń bu oúnjẹ fún yìí, ṣé ẹ mọ ohun tí dókítà sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìyá inú ìgbìmọ̀ náà nìyí. Ìyá, bí oúnjẹ tí ó dára bá mú èrè kékeré wá, ẹ jẹ́ kí ó kéré. Nítorí kí ni èrè wa bí a bá fi ọwọ́ kan kó owó oògùn jọ fún aláìsàn kan, tí a sì fi ọwọ́ kejì pèsè aláìsàn mìíràn sílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀? Ìyẹn dà bí ẹni tí ń pọn omi lọ pa iná ní ilé aládùúgbò, tí ó sì ń ju ẹyin iná sí ilé tí ó kọjá lójú ọ̀nà. Àwọn tí ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wa, àwọn náà ni ọmọnìkejì wa. Ìfẹ́ tí ó gbójú fò wọ́n láti dé ọ̀dọ̀ aláìní ti ṣìnà.

Kí ni ti aláìsàn tí ń retí wa? A kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Bí owó oúnjẹ kò bá tó, kí a dìde ní gbangba kí a tọrọ ìyókù. Kí a wí pé: “Ẹ̀yin ará, oúnjẹ yìí ti mú báyìí wá, ohun tí ó kù nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́.” Ìdí tí a fi ń sá sí ohun dídùn ni pé ojú ń tì wá láti tọrọ. Ìtìjú wa ni kò yẹ kí ẹlòmíràn fi ara rẹ̀ san. N kò sọ pé ẹni tí ó dín púfù-púfù fún àwọn ọmọdé ní ọjọ́ ọdún ti dẹ́ṣẹ̀. Ọdún ni ọdún, ayọ̀ náà sì jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó má jẹ́ pé lórí ohun tí a kò ní gbé fún aláìsàn náà fúnra rẹ̀ ni a ó gbé ìrètí rẹ̀ kà. Ìwọ̀n kan wà tí kò ṣòro: bí ẹ bá lè gbé abọ́ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn tí ẹ ń tà á nítorí rẹ̀, tí ojú kò sì tì yín, ẹ tà á. Bí ojú bá tì yín, ẹ má tà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa tábìlì náà. Àwọn baba wa wí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ẹ ti rí i rí, bóyá ẹ kò kíyè sí i: opó kan tí ó dúró ní ìhà ògiri pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nígbà tí a ń tà tí a ń rà. Òórùn oúnjẹ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ rẹ̀ sì ń fà á láṣọ. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń tà. Òun nìkan ni kò lè rà. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí gidigidi nítorí pé nígbà tí wọ́n bá péjọ láti jẹun, ebi ń pa ẹnì kan, ẹlòmíràn sì yó bámú. Nígbà tí a sì gbójú fo àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn Àpọ́sítélì kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọkùnrin méje ni ìjọ yàn láti mójú tó o. Nítorí náà, kí títà tó bẹ̀rẹ̀, kí a ti yọ ti irú wọn sílẹ̀, nínú ìkòkò kan náà, nínú irú abọ́ kan náà, kí a sì fi í ránṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ebi ọjọ́ òní ni kí a kọ́kọ́ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Bí ẹ bá ra abọ́ oúnjẹ ní iye tí ó tọ́, tí ẹ sì jẹ ẹ́ yó, ẹ ti ṣe ọjà, ọjà rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè kọ ọ́ sínú ìwé àánú. Àánú bẹ̀rẹ̀ níbi ṣéńjì tí ẹ kò gbà padà. Ní ọdún 1960, àwọn obìnrin Kátólíìkì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe ọjọ́ àwẹ̀ kan fún ìdílé: kí olúkúlùkù dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí ó sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ní erékùṣù Dominica. Láti inú ìbẹ̀rẹ̀ kékeré yẹn ni àjọ àánú tí ń jẹ́ CAFOD ti jáde ní ọdún 1962. Àwọn wọ̀nyẹn fi ebi ara wọn fúnni. Àwa tí a fi ìyó ara wa fúnni, ó yẹ kí a fi nǹkan kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ má gbàgbé èènì. Kò sí ọlọ́jà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn tí ó bá ti wọn ohun tí a rà tán, yóò tún fi ọwọ́ bù lé e. Bí ọlọ́jà tí ń wá èrè ara rẹ̀ bá lè ṣe èyí, tábìlì àánú kò gbọdọ̀ háwọ́ jù ú lọ. Bí títà bá sì parí, kí ènìyàn méjì ka owó náà pọ̀, kì í ṣe akápò nìkan. Kí a sọ fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e iye tí a ná, iye tí ó wọlé, àti ohun tí a fi í ṣe, láìdárúkọ ẹni tí a ràn lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ọ ṣe. Ẹni tí ó bá ṣírò owó ní gbangba kò ní ohun tí yóò yọ́ ṣe.

Ẹ̀yin ará wa, Ìkórè ń bọ̀. Ẹ lọ wo ilé ìdáná yín ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ da òróró tí ó ti dúdú nù. Ẹ tú kóńgò tí a tẹ̀ nídìí kúrò nílé. Ẹ bó ẹ̀wà náà dáadáa, kí ẹ sì fọ ewé. Nígbà tí ẹ bá sì ń bu oúnjẹ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó na abọ́ rẹ̀ sí yín, ẹ bù ú bí ẹni tí ń bù ú fún Olúwa wa fúnra rẹ̀, ẹni tí ó sọ pé ohun tí a bá ṣe fún ẹni tí ó kéré jù lọ, òun ni a ṣe é fún. Òun wà ní ìhà méjèèjì tábìlì náà.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí Ó sì jẹ́ kí oúnjẹ náà ṣe ara gbogbo wa lóore. Àmín.